Wọ́n yọ òkúta nínú kíndìnrín, wọn ò la ikùn: báwo ló ṣe jẹ́?

Ìròyìn kan ń tàn ká lórí WhatsApp láti Àjàṣẹ́ dé Kétu pé dókítà yọ òkúta nínú kíndìnrín ọkùnrin kan láì la ikùn rẹ̀. Àwọn kan ní idán ni, àwọn kan ní irọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ṣé òkúta gidi ni?
Ó le bí òkúta. Àwọn èròjà inú ìtọ̀, pàápàá kálísíọ́ọ̀mù, ló dì pọ̀.

Àbí àwọn ayé ló fi ṣe é?
Rárá. Ẹni tó ń làágùn nínú oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́ látàárọ̀ tí kò sì mu omi, kò nílò ọ̀tá mọ́.

Ibo wá ni wọ́n gbà wọlé?
Ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde gan-an. Wọ́n á kun aláìsàn lóorun, wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba àpò ìtọ̀ kọjá títí dé ibi tí òkúta há sí, wọ́n á fi iná lésà fọ́ ọ túútúú. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára. Bí òkúta inú kíndìnrín bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń gbà: wọ́n á lu ihò kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 1, wọ́n á gbà á kó o. Ní Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ ròyìn èyí, ní 1976. Ọ̀nà kẹta kò tilẹ̀ wọ inú ara: ẹ̀rọ á ti ìta rán ìgbì lu òkúta náà títí yóò fi fọ́, aláìsàn á sì tọ̀ ọ́ jáde. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1980. Wọn kì í ṣe é fún aláboyún.

Ṣé gbogbo òkúta ló nílò èyí?
Èyí tí kò tó mílímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, tìroratìrora.

Wọ́n ti yọ òkúta àbúrò mi, wọ́n ní rọ́bà kan ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ni?
Èyí ni kí ẹ má fi ṣeré. Rọ́bà tín-ínrín ni: orí kan ká kò nínú kíndìnrín, ìkejì nínú àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá bí ojú ọ̀nà bá wú. Ó lè mú kó máa tọ̀ léraléra, kí ìtọ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìrora ti lọ, oko ń pè é, ó gbàgbé. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, òkúta tuntun á máa dì mọ́ rọ́bà náà, kíndìnrín sì lè bàjẹ́. Ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù.

Àgbo ọjà Wàńdó ńkọ́?
Kò lè fọ́ òkúta tó ti há. Bíà náà ò lè fọ́ ọ, ẹ má fi ṣàwáwí. Omi ni kí ẹ mu títí ìtọ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì dín iyọ̀ kù.

Ìgbà wo ni ká sáré?
Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń dunni tí ara sì ń gbóná, tàbí bí ìtọ̀ bá dí pátápátá, ẹ má dúró di ọ̀la. Ìtọ̀ tó há tó sì ti ní kòkòrò ń pani. Lọ́jọ́ náà, wọn ò ní kọ́kọ́ fọ́ òkúta. Wọ́n á fa ìtọ̀ náà jáde, wọ́n á sì gbógun ti kòkòrò. Ẹ má bá wọn jà pé òkúta ṣì wà níbẹ̀.