Kí Ẹ Tó Pa Swap Lórí Kọ̀ǹpútà Linux Yín

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé láptọ̀ọ̀pù wá sí ìsọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ sábà máa ń ní kí n bá àwọn pa swap, nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń mú kí ẹ̀rọ wọn falẹ̀. Iye RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Swap ni àyè tí Linux ń lò lórí dísìkì láti kó ohun tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ kúrò nínú RAM. Dísìkì kò yára tó RAM rárá, nítorí náà bí RAM bá kún, tí ẹ̀rọ sì ń kó nǹkan lọ kó nǹkan bọ̀, gbogbo iṣẹ́ á máa wọ́. RAM tí kò tó ló fa ìyẹn, kì í ṣe swap. Bí ẹ bá pa swap lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, tí ẹ wá ṣí ojú ewé rẹpẹtẹ, kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, lè pa ètò kan lójijì láti fi gba àyè, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú á sì bá a lọ. Bí ẹ bá sì ń lo hibernate, tó ń kó ohun inú RAM sínú swap kí ẹ̀rọ tó kú, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Àwọn tó ní ìdí gidi wà o. Kubelet, ìyẹn apá Kubernetes (ètò tó ń darí àwọn ètò mìíràn lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kì í gbéra níbi tí swap bá wà. Irú wọn ni kó kọ́kọ́ tẹ `free -h`, kí wọ́n rí i pé RAM tó ṣẹ́ kù ju ohun tó wà nínú swap lọ, nítorí `sudo swapoff -a` yóò kó gbogbo rẹ̀ padà sínú RAM. Àṣẹ yìí nìkan kò tó, torí swap á tún padà nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì `/etc/fstab`, tó ń sọ àwọn àyè dísìkì tí Linux máa lò bó bá ń tàn, kí ẹ wá fi àmì # ṣáájú ìlà tó dárúkọ swap. Ẹ má fọwọ́ kan ìlà mìíràn, nítorí àṣìṣe níbẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ kọ̀ láti tàn. Lẹ́yìn náà, bí `swapon --show` kò bá mú nǹkan kan jáde, swap ti kú.

Fún ẹni tí kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, `vm.swappiness`, nọ́ńbà tó ń pinnu bí kernel ṣe ń tètè lo swap, tó sì sábà máa ń wà ní 60, ni mo máa ń dín kù sí 10, kí kernel má baà tètè máa sá lọ sórí dísìkì.