Ìbò lórí ọjọ́ tí eré ìdárayá dùn jù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tí èsì rẹ̀ bí nínú

Ètò eré ìdárayá kan lórí rédíò ní Ìbàdàn ní kí àwọn olùgbọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yan ọjọ́ tí ó ga jù lọ nínú ìtàn eré ìdárayá Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ka èsì, àmì ẹ̀yẹ wúrà tí a gbà nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì ní 1996 ni ó ṣe ipò kìíní, ife tí Shooting Stars gbà ní 1976 sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Dùgbẹ̀ kò ti rí àyè ka nǹkan kan mọ́, nítorí pé àríyànjiyàn ti gba gbogbo àkókò wọn. Àwọn ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ nìyí.

Ṣé wọ́n ṣe èrú nínú ìbò náà ni?

Kò sí ohun tí ó fi hàn bẹ́ẹ̀, ìbò náà kò sì nílò èrú kí èsì rẹ̀ tó rí bí ó ṣe rí.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní 1976 gan-an tí àwọn bàbá wa fi ń bínú tó báyìí?

Ní ọdún náà, Shooting Stars, tí orúkọ IICC wà lára rẹ̀ nígbà náà nítorí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ni ín, di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdíje náà wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè tiwọn, Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni wọ́n sì bá pàdé ní àṣekágbá. Wọ́n na Tonnerre ní góòlù 4 sí 1 ní Ìbàdàn; nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan wọlé láìgba ọ̀kan padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, nítorí pé 4 sí 2 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tí a rò ó pọ̀. Títí di òní, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà bí ẹni ń ki oríkì: Best Ogedegbe nínú ilé, Samuel Ojebode lẹ́yìn, Muda Lawal láàárín, àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí wọ́n ń pè ní Mathematical létí ìlà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rò ni irú ọdún tí 1976 jẹ́. Oṣù Èrèlé ọdún náà ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, oṣù yẹn kan náà ni wọ́n sì pa olórí orílẹ̀-èdè, Murtala Mohammed. Nígbà tí ó di àárín ọdún, àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà ti dé Montreal fún Òlíḿpíìkì kí ìjọba tó ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé láìdíje, nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ti gba gbogbo èyí kọjá kí ife náà tó wọ Ìbàdàn kò lè pè é ní bọ́ọ̀lù lásán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó bá bàbá yín jiyàn.

Kí wá ni ti 1996 ní tí ti 1976 kò ní?

Ó ní tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó jókòó wò ó bí Brazil ṣe ń fi góòlù 3 sí 1 ṣáájú wa, tí a dá a padà, tí Kanu sì gbá ẹyọ tí ó parí rẹ̀ sí 4 sí 3. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, Chioma Ajunwa fò mítà 7.12 nínú eré fífò jìnnà, ó sì gba wúrà. Ní ọjọ́ kẹta, a na Argentina ní 3 sí 2, a sì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó gba wúrà bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rí góòlù Kanu lónìí yóò rí i lórí fóònù rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ti 1976, ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó pọ̀ sí jù, ẹnu kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tún wò láàárọ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bi ní àdúgbò wa ni ó ní Shooting Stars ni òun yàn. Báwo ni ó ṣe wá ṣubú?

Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìṣirò ni, kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ká ní ènìyàn 10 ni ó dìbò. Mẹ́rin yan 1996. Àwọn mẹ́fà yòókù jẹ́ alátìlẹyìn Shooting Stars tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn yan 1976, mẹ́ta sì yan 1992, ọdún tí ẹgbẹ́ náà gba CAF Cup, ife tí Moshood Abíọ́lá fi tọrẹ, tí ó jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ díje fún un. Ní àṣekágbá rẹ̀, Shooting Stars gbá òmì láìsí góòlù kankan pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Yùgáńdà, wọ́n sì na wọ́n ní 3 sí òdo nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn. Ẹ wò ó: mẹ́fà nínú mẹ́wàá fẹ́ Shooting Stars, síbẹ̀ 1996 ni ó borí. Ìbò tí ó ní kí oníkálùkù mú ẹyọ kan ṣoṣo máa ń fìyà jẹ ẹni tí ó ní ọjọ́ ayọ̀ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí ènìyàn to mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ ni, ó ṣeé ṣe kí èsì yàtọ̀.

Kò sí ẹni tí ó dìbò fún 1984 tàbí fún oṣù Kejìlá 1996, nígbà tí Zamalek ti Íjíbítì gba ife àwọn akọni Áfíríkà mọ́ Shooting Stars lọ́wọ́, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì jẹ́ nípa pẹ́náritì. Ọjọ́ méjèèjì yìí ni mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn alátìlẹyìn.

Ṣé ọjọ́ orí kó ipa nínú rẹ̀?

Ó kó ipa púpọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 ni ó máa ń dúró jù lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1976 ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1996 ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó sì ń fi fóònù ṣe gbogbo nǹkan. Ta ni ẹ rò pé yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí rédíò? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé irú ìbò báyìí ń sọ irú ẹni tí àwọn olùdìbò jẹ́ ju bí ó ṣe ń sọ ọjọ́ tí ó ga jù lọ.

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí?

Ní ọdún 2000, FIFA ní kí àwọn ènìyàn fi íntánẹ́ẹ̀tì yan agbábọ́ọ̀lù ọ̀rúndún ogún. Maradona gba ju ìdajì ìbò lọ, ó sì fi Pelé sílẹ̀ sẹ́yìn jìnnàjìnnà. Àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù tí FIFA bi léèrè yan Pelé ní tiwọn. FIFA ṣe bí ìyá tí ọmọ méjì ń jà lórí ẹran kan: ó fún àwọn méjèèjì ní àmì ẹ̀yẹ.

Àwọn ọjọ́ wo ni àwọn olùdìbò gbàgbé?

Àgbàlagbà kan láti Òkè Àdó béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ 1963, ó sì jàre. Ọjọ́ náà ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Amaigbo, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty, èyí tí a ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jà fún bẹ́líìtì àgbáyé ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti jà á. Lẹ́yìn ìpele keje, àwọn tí ó wà lẹ́yìn Fullmer ní ó tó. Ìbò tí àwọn ará Ìbàdàn dì, tí wọ́n sì gbàgbé ìjà tí ó wáyé nílé wọn, kò yẹ kí ó bí ẹnikẹ́ni nínú nítorí bọ́ọ̀lù nìkan.

Wọ́n tún gbàgbé Tobi Amusan, tí ó sá 100 mítà onífífò ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní oṣù Keje 2022, tí ó sì di ẹni tí ó yá jù lọ láyé nínú eré náà.

Góòlù Rashidi Yekini ńkọ́?

Ní 1994, nígbà tí ó di àwọ̀n Bulgaria mú tí ó ń ké, góòlù wa àkọ́kọ́ nínú ife àgbáyé nìyẹn, ọkùnrin náà sì jẹ́ ọmọ Shooting Stars rí, Ìbàdàn níbí náà ni ó kú sí ní 2012. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ní kí n yàn, òun ni n ó yàn. Ife àti ìṣẹ́jú kì í ṣe ohun kan náà, àwọn tí ó ṣètò ìbò náà kò sì sọ èyí tí wọ́n ń béèrè.

Wọ́n fi ìlujá kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n wá tún ìbò náà dì. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìbò eré ìdárayá kò nílò BVN yín, kò nílò nọ́ńbà tí ó wà lára káàdì báǹkì yín, kò sì nílò orúkọ ìyá yín. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹnìkan lè sọ pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù yín, pé kí ẹ jọ̀wọ́ ka á fún òun kí ìbò òun lè wọlé. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Bí ẹ bá fi lé e lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àbúrò yín, lọ́wọ́ àna yín àti lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Ó sàn kí 1976 wà nísàlẹ̀.

Bí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣé yóò ràn wá lọ́wọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọn yóò yọ lórí ẹyọ kan.

Bàbá mi wà ní pápá ní 1976. Kí ni mo lè ṣe kí ó má bàa jẹ́ pé òfo ni?

Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bi wọ́n ní èsì ìdíje, nítorí pé ìyẹn wà nínú ìwé. Ẹ bi wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ, iye tí wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó dúró tì wọ́n, àti ohun tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Bí wọ́n bá ṣàṣìṣe nínú orúkọ agbábọ́ọ̀lù, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, nítorí pé fóònù máa ń bọ́ sómi.