Ọta Ìbọn Méjì àti Ohun Tí Àwọn Òǹwòran Ń Bèèrè

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CW ní Amẹ́ríkà gbé ìpín kan nínú eré The 100 jáde, nínú èyí tí Lexa, obìnrin tó jẹ́ balógun àti olórí àwọn ènìyàn rẹ̀, ti bá Clarke, obìnrin tó fẹ́ràn, sùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Lexa ṣílẹ̀kùn yàrá kan, tí ọta ìbọn tí olùdámọ̀ràn rẹ̀ yìn sí Clarke sì ṣèèṣì bá a níkùn, ó sì kú. Ẹni tó bá ti ń wo tẹlifíṣọ̀n tipẹ́ yóò rántí irú rẹ̀. Ní 2002, nínú Buffy the Vampire Slayer, Tara àti Willow, obìnrin méjì tó ń fẹ́ra, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí aáwọ̀ wọn ni, tí ọta ìbọn tí kì í ṣe tiwọn gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun Willow. “Aṣọ rẹ” ni Tara sọ kó tó ṣubú, ó sì kú. Inú ìpín yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orúkọ Amber Benson, tó ṣe Tara, mọ́ ti àwọn òṣèré pàtàkì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ohun tó fa ìjọra yìí wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe eré alátìgbàdégbà. Eré bẹ́ẹ̀ ń wá ikú tí yóò dun òǹwòran wọra, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹni tí ìtàn dá lé lórí, nítorí náà ẹni tó sún mọ́ ọn ni ó máa ń kàn, ẹni tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gùn. Ipò ẹ̀gbẹ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń fi obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin sí. Alycia Debnam-Carey tó ṣe Lexa ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nínú Fear the Walking Dead, Jason Rothenberg tó ń darí The 100 sì sọ pé èyí wà lára ìdí tí Lexa fi kú. Ẹni tó ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè má kórìíra ẹnikẹ́ni rárá.

Àpẹẹrẹ tó wà níwájú àwọn òǹkọ̀wé náà ti pẹ́. Láti 1934 títí di 1968, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Hollywood ń tẹ̀lé òfin tí wọ́n ń pè ní Hays Code, èyí tó ka irú ìfẹ́ yìí sí ohun tí fíìmù kò gbọdọ̀ mẹ́nu bà. Nígbà tí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀ ní 1961, ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ lè wọlé, ṣùgbọ́n ikú tàbí ẹkún ni wọ́n sábà fi ń sìn ín jáde. Òfin náà kú, àṣà rẹ̀ kò bá a kú.

Bí ogún ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin bá wà nínú eré, tí mẹ́ta kú, mẹ́tàdínlógún ṣẹ́kù tí yóò gbéyàwó, tí yóò jà, tí yóò darúgbó. Bí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ikú rẹ̀ ti gbálẹ̀ gbogbo ilé. Yàtọ̀ sí èyí, ìfẹ́ Lexa àti Clarke ni wọ́n ti fi ń polówó eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọ̀dọ́ sì gbà pé tiwọn yìí yóò yàtọ̀. Oyin ni wọ́n fi fà wọ́n wá, ewúro ni wọ́n jẹ. Rothenberg tọrọ àforíjì láàárín oṣù náà. Àwọn òǹwòran fúnra wọn dáwó tó lé ní 100,000 dọ́là fún The Trevor Project, tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀mí ń sọ pé kí wọ́n pa ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè kì í ṣe pé kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ má kú mọ́ láé. Nínú The L Word, tí Showtime gbé jáde láti 2004 sí 2009, àrùn jẹjẹrẹ ọmú pa Dana, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ó dun àwọn òǹwòran gan-an, inú sì bí ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n odidi agbo obìnrin bíi tirẹ̀ ló ṣẹ́kù láti sunkún rẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ayé wọn lọ. (Eré yẹn ní àléébù tirẹ̀: olówó àti tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.) Kí wọ́n pọ̀, kí á sì rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí owó iná, kí wọ́n lè burú láìjẹ́ pé gbogbo irú wọn ló burú, ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn.

Ní 2016 kan náà, wọ́n yìnbọn lu Nicole Haught, ọlọ́pàá obìnrin tí òun àti Waverly, obìnrin bíi tirẹ̀, ń fẹ́ra nínú eré Wynonna Earp. Ó ṣubú, àwọn òǹwòran sì ti fọwọ́ lérí. Àṣé ẹ̀wù ayẹta wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ti ọlọ́pàá o, kì í ṣe ti ọdẹ. Ọta ìbọn kan náà ni, òǹkọ̀wé kan ló kàn mọ ibi tí àwọn tó ṣáájú ti bá a lọ.

Ní Nàìjíríà, níbi tí òfin 2014 ti lè sọ obìnrin tó bá gbé obìnrin níyàwó, tàbí ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, sẹ́wọ̀n ọdún 14, Nollywood sábà máa ń fi obìnrin bẹ́ẹ̀ hàn bí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tàbí ẹni tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú, tí yóò kú tàbí kí ó ronú pìwà dà kí eré tó parí. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kan tí Pamela Adie ṣe agbátẹrù rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí Yorùbá ń pe ìfẹ́. Obìnrin méjì ni, àti ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wà papọ̀. Àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ pé àwọn tó ṣe é lè rí ẹ̀wọ̀n he bí wọ́n bá gbé e jáde láìgbàṣẹ, kódà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Toronto ní Kánádà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi han àwùjọ, ní oṣù kẹwàá ọdún náà.