Ta Ló Gé Ìrù Kóòtù? Ibi Tí Tuxedo Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní Èkìtì tiwa níbí, bí ọkọ ìyàwó bá ti wọ tuxedo, kóòtù òde alẹ́ tí kò ní ìrù, jáde lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan á ní, "Aṣọ Amẹ́ríkà nìyẹn." Irọ́ ni. Orúkọ nìkan ló jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Aṣọ fúnra rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gé e, ní ilé ìránṣọ Henry Poole, ní Savile Row, òpópónà àwọn télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jókòó.

Kó tó di ìgbà náà, kóòtù onírù ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ jẹun alẹ́. Iwájú rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ là sí méjì, ó wọ́ dé ìtòsí orúnkún. Afínjú kan tó ń jẹ́ Beau Brummell ló ti jẹ́ kí aṣọ dúdú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun gbayì láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tó di 1865, Ọmọọba Wales, ẹni tó padà di Ọba Edward Keje, ní kí Poole rán kóòtù kúkúrú aláwọ̀ búlúù kan fún òun, tí kò ní ìrù rárá, tí òun á máa wọ̀ jẹun nílé òun ní Sandringham. Ilé ìránṣọ náà ṣì wà títí dòní, wọ́n sì ní ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn.

Kí ló dé tí ọmọọba fi gé ìrù? Èmi ò rò pé oge ló ń ṣe. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni, ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó fẹ́ràn sìgá. Ẹni tó bá jókòó lé ìrù kóòtù ní gbogbo àṣálẹ́, tí wọ́n ń gbé àwo kan lọ tí wọ́n ń gbé òmíràn bọ̀, ìdí á ro ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kóòtù ìmusìgá tí wọ́n máa ń wọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló fi han télọ̀, tó ní, "Ṣe é báyìí, ṣùgbọ́n kó yẹ orí tábìlì." Ohun tó mú mi gbà bẹ́ẹ̀ ni kọ́là tó yí róbótó tí a ṣì ń rí lára tuxedo mìíràn, ti kóòtù ìmusìgá gan-an ni. Ará Èkìtì kankan ò sì níí bá ọmọọba jà lórí èyí. Bàbá tó ti òde dé kì í wọ agbádá ti iyán; á bọ́ ọ kọ́, á ku bùbá àti ṣòkòtò.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan Èkìtì nínú aṣọ òyìnbó. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa ní aṣọ pípé. Agbádá, bùbá, ṣòkòtò, fìlà: bí ọ̀kan bá dín, wọn á bi ọ́. Àwọn ìyá wa ló sì ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tó sì fẹ̀, lórí òfì tó dúró lóòró, nígbà tí àwọn ọkùnrin Ọ̀yọ́ ń hun tiwọn tóóró lórí èyí tó nà sílẹ̀. Àwọn kan wá ń pòwe pé òfì, aṣọ tóóró ti àwọn ọkùnrin yẹn, laṣọ àgbà, pé àgbà tí kò lófì ni kó ra kíjìpá. Kí wọ́n wọ òfì wọn lọ sóko lọ kọbè ná, kí a wo bí yóò ṣe rí nígbà ìkórè.

Ní ti ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà, kò gùn. Ní oṣù Kẹwàá 1886, Griswold Lorillard, ọmọ oníṣòwò tábà tó dá Tuxedo Park sílẹ̀ ní New York, wọ kóòtù aláìnírù lọ síbi ijó níbẹ̀; ibẹ̀ ni aṣọ náà ti gba orúkọ. Ìwé ìròyìn fi òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n dà bí ìránṣẹ́ ààfin. Àwọn mìíràn ní James Brown Potter, ará Tuxedo Park, ló kọ́kọ́ gbé e dé ibẹ̀, pé ó lọ kí Ọmọọba Wales, ọmọọba sì júwe Poole fún un. Èyí tó wù kó jẹ́, 1865 ti fi ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú. Oṣù tó ṣíwájú ijó yẹn gan-an, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogun Kírìjì, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò túká ní bùdó títí di 1893. Kò kan kóòtù. Ó kàn wù mí láti sọ ọ́ ni.

Àmùrè sílíìkì tó ń gba ìdí, tí wọ́n ń dì mọ́ tuxedo, Índíà ló ti wá. Ooru ibẹ̀ ló lé wéésíkóòtù kúrò lára àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́po rẹ̀ òkè ló ń kọjú sí. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, tuxedo gba ipò kóòtù onírù. Kóòtù funfun tẹ̀ lé e fún ilẹ̀ olóoru, Yves Saint Laurent, aránṣọ ará Faransé, sì rán ti obìnrin ní 1966.

Lónìí, wọ́n ń rán an ní Adó, wọ́n sì ń háyà rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ́ kóòtù sórí tábìlì télọ̀, kí ẹ fi kọ́là ti ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò wálẹ̀, níwájú fèrèsé. Bí sátíìnì, aṣọ dídán tí wọ́n fi bo méjèèjì, ti ọ̀kan bá dán ju ti èkejì lọ, wọ́n ti kó aṣọ méjì pọ̀ fún yín nìyẹn. Ṣòkòtò náà kì í ní ojú bẹ́líìtì. Okùn èjìká ló ń gbé e. Táì rẹ̀, dúdú tí a so bíi labalábá ni. Ọkọ ìyàwó tó bá so táì gígùn mọ́ ọn, tó tún fi bẹ́líìtì olórí góòlù dì í, kóòtù dúdú ló háyà, kí ó lọ gba owó tuxedo rẹ̀ padà.