Àwọ̀ tí a kò pa láró

Aláró ni màámi. Bí wọ́n bá gbé àdìrẹ “Ìbàdàn dùn” jáde nínú ìkòkò aró, tó gbẹ tán, fà á títí dalẹ́, búlúù náà ni.

Àwọ̀ mìíràn wà tí kò ní aró nínú. Bí òjò bá dá ní Ìwó Road, wo omi tó dúró lẹ́bàá ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́: epo tó léfòó sórí rẹ̀ á máa dán bí òṣùmàrè. Epo yẹn kì í ṣe pupa, kì í ṣe búlúù. Bó ṣe fẹ́lẹ́ tó ló ń yan ìmọ́lẹ̀ tí yóò dá padà sójú wa.

Ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ, mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Geneva fi hàn pé àwọn kírísítálì tíntìntín tò sínú awọ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra, wọ́n á máa dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Èyí á pàdé àwọ̀ ìyeyè tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gà á wá rí bí ewé. Bí akọ bá pàdé akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìjà fẹ́ dé, àwọn kírísítálì náà á jìnnà síra, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa lọ sí ìyeyè àti pupa. Fọ́nrán irun kan nípọn ju àlàfo àárín wọn lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà!

Àwọn onímọ̀ náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́, wọ́n ń pè é ní mechanochromic: ohun tó ń pàwọ̀ dà bí a bá fà á. Wọ́n á to ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rọ́bà. Rọ́bà tí a bá fà ń gùn, ó sì ń tín-ín-rín. Àwọn ìpele inú rẹ̀ á sún mọ́ra, pupa á di àwọ̀ ewé, á tún di búlúù. Jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà di pupa.

Egbò wà lẹ́sẹ̀ màámi báyìí, báńdéèjì ni nọ́ọ̀sì fi ń dì í. Bó bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè rìn. Bó bá dẹ̀, asán ni. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní MIT, yunifásítì kan l'Ámẹ́ríkà, fi irú rọ́bà yìí ṣe fọ́nrán, wọ́n rán an mọ́ báńdéèjì, kí àwọ̀ rẹ̀ lè máa sọ bó ti le tó. Màámi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí báńdéèjì bẹ́ẹ̀ bá dẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ rí i.