Ajá Ẹnu Ọ̀nà Lẹ Fún Ní Oògùn Oorun, Olè Ṣì Wà Nínú Ilé

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, èèyàn 11 ló wọlé tọ̀ mí wá kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. 8 nínú wọn ló ti fi irú tíúbù ìpara kan náà pa làpálàpá ara wọn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rántí pé dókítà awọ ara wà nílùú. Ó pẹ́ tí mo ti ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa sọ fún aláìsàn pé kó kó gbogbo ohun tó fi ń para dání. Wọ́n tú àpò wọn sórí tábìlì mi: tíúbù tí wọ́n ti tẹ̀ gbẹ, ìpara inú ike tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí lára, ọṣẹ tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Mo bi wọ́n ta ló ní kí wọ́n lò ó. Wọ́n ní oníkẹ́míìsì ni, tàbí aládùúgbò, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn fi parí ẹjọ́: "Dókítà, ó kúkú ṣiṣẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó."

Tíúbù tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí ẹ máa ń pè ní triple action. Ọ̀kan ń pa bakitéríà, ọ̀kan ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà, ẹ̀kẹta jẹ́ steroid, oògùn tó ń mú kí wíwú àti yíyún rọlẹ̀, bíi clobetasol tàbí betamethasone. Ẹ̀kẹta yẹn ni ìjà èmi pẹ̀lú yín. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń wẹ̀, tàbí bí a ṣe ń nu abẹ́ abíyá gbẹ, tàbí ìdí tí èèyàn méjì ò fi gbọdọ̀ jọ máa lo táwẹ́ẹ̀lì kan. Àgbàlagbà ni yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú awọ lọ ná. Ẹni tó bá rò pé àpò lásán tí Ọlọ́run fi di ẹran mọ́ egungun ni awọ, onítọ̀hún ò tíì mọ ohun tó wọ̀ sọ́rùn. Bí a bá tẹ́ awọ àgbàlagbà sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹní tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ń bọ́ dànù lójú rẹ̀, tuntun ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìrìn àjò yẹn sì ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Ojú awọ tún kan díẹ̀. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kó rọrùn fún ọ̀pọ̀ kòkòrò láti kọ́lé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, tí mo lè fi odindi ọjọ́ kan sọ, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó lúgọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà.

Ní ọdún 1868, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Berlin, fi èròjà wúrà kun awọ èèyàn, ó sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Paul Langerhans lorúkọ rẹ̀. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó na apá káàkiri bí igi tó ya ẹ̀ka, ó sì rò pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni wọ́n. Ó ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ojú tó fi rí wọn kò ṣìnà. Ọmọ 40 ọdún ló kú ní erékùṣù Madeira, ní 1888, láìmọ ohun tó rí. Ó di ọdún 1973 kí Ralph Steinman àti Zanvil Cohn, ní Rockefeller University ní New York, tó ṣàpèjúwe irú sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka bẹ́ẹ̀ nínú ara eku, kí àwọn onímọ̀ tó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pé iṣẹ́ amí ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú Steinman fúnra rẹ̀, irú sẹ́ẹ̀lì yìí náà ló fi gbìyànjú láti bá a jà. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn tó fún un ò mọ̀ pé ó ti kú. Òfin wọn ò fàyè gba kí wọ́n fún òkú, síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì sọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí kí ohùn mi má yí padà.

Ohun tí amí yìí ń ṣe nìyí. Ó na apá rẹ̀ sókè láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Bí àlejò tí kò mọ̀ bá wọlé, ó já díẹ̀ mú lára rẹ̀, ó kúrò níbi tó wà, ó gba ojú ọ̀nà omi ara lọ sí kókó abẹ́ abíyá tàbí ti itan. Ẹ̀yin ìyá mọ kókó yẹn. Òun ló máa ń wú bí ọmọ bá ní egbò lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni amí ti ń fi ohun tó já mú han àwọn jagunjagun tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Àwọn tó bá dá ọ̀tá náà mọ̀ á pọ̀ sí i, wọ́n á tú jáde, wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ padà sí ojú awọ gan-an tí ìròyìn ti wá. Bí wọ́n bá dé, ibẹ̀ á gbóná, á wú, á dúdú sí i tàbí kó pọ́n, á sì máa yún yín. Àwọn kan lára wọn kì í padà sílé mọ́. Wọ́n á dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Àpá kékeré tí abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG fi sí yín lápá òsì láti ìgbà ọmọ ọwọ́, àárín awọ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gún un sí, àwọn amí yìí sì pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe làpálàpá ló ń yún yín. Ajá ẹnu ọ̀nà yín ló ń gbó.

Ẹ wo bí làpálàpá ṣe máa ń rí róbótó. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ìbátan olú inú igbó àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Oúnjẹ rẹ̀ ni òkú awọ tó wà lókè. Bó bá ti jẹ ti ibì kan tán, á sún síwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì máa lé e bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí àárín fi ń mọ́ tí etí rẹ̀ sì ń le. Ojú ìjà ni òrùka yẹn. Ọkùnrin kan fi oṣù 7 gba ààwẹ̀, ó sì ná owó ọmọ rẹ̀ torí wọ́n sọ fún un pé àmì tí àwọn ará ayé fi sí i lára ni òrùka mẹ́rin tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un kò fi ìka kan ibẹ̀, kò ha èépá rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò béèrè bóyá ọmọ ilé rẹ̀ náà ní i lórí. Mo ha á, mo kán èròjà potash tó ń yọ́ awọ sí i, mo pè é kó wá wò ó fúnra rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tó ya ẹ̀ka ló rí. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé èyí ni aráyé?"

Àwọn kan ń fi omi dúdú inú bátìrì pa á, àwọn mìíràn kẹrosíìnì, àwọn kan omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ìjóná tí mo ń tọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ máa ń burú ju làpálàpá lọ. Àwọn ìyá wa tó ń gún ewé àsùnwọ̀n òyìnbó gbọ́n ju gbogbo yín lọ. Ohun tó ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró wà nínú ewé yẹn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ran èyí tó wà lórí ọmọdé lọ́wọ́, ìpara mi náà ò sì lè ràn án lọ́wọ́, nítorí inú irun ni ti orí máa ń wọ̀ sí. Oògùn mímu ló ń wò ó, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ó wá kan steroid. Ẹ má gbọ́ ọ pé mo kórìíra rẹ̀. Ní 1950, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hench, Kendall àti Reichstein, gba Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí irú èròjà ara yìí. Ní 1952, àwọn dókítà awọ ara méjì, Sulzberger àti Witten, ròyìn bí fífi hydrocortisone pa awọ ṣe ń mú ìtura wá, láti ìgbà náà sì ni iṣẹ́ wa ti yí padà. Bí ajá bá sínwín, tó ń gé ọmọ onílé jẹ, bó ṣe ń rí nínú àwọn àìsàn awọ bíi ẹ́síímà àti psoriasis, èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ fún yín. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ títí dé ibi tí jíìnì wà, á sì ti àwọn tó ń pàṣẹ ariwo pa. Clobetasol lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 600 hydrocortisone nínú ìdíwọ̀n àwọn onímọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé kó má ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó má sì ju gíráàmù 50 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló ń ka ìwé yẹn ní kẹ́míìsì?

Bí ẹ bá wá fi pa làpálàpá, ajá á sùn lọ. Yíyún á dáwọ́ dúró lóru ọjọ́ náà. Wíwú á lọ, òrùka á parẹ́, ẹ̀yin á sì sọ pé ó ṣiṣẹ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á wá máa jẹun lọ láìsí ẹni tó ń lé e, á tàn dé itan, dé ìdí, dé àyà, láìní ìrísí tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Láti 1968 ni àwọn dókítà ti fún un lórúkọ, tinea incognito, làpálàpá tó paradà. Oògùn tó ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà nínú tíúbù náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti máa dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹrin tí ara bá ti tù yín. Ní Íńdíà, irú tíúbù yìí wà níbi gbogbo, ẹ sì wo ohun tó hù níbẹ̀: Trichophyton indotineae, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì làpálàpá kan tí terbinafine, oògùn tí a gbójú lé, kì í sábà ràn mọ́. Ọdún 2020 ni wọ́n fún un lórúkọ. Nígbà tó fi máa di 2023, wọ́n ti ròyìn rẹ̀ ní New York.

Ẹ̀yin tó ń po ìpara fún àwọn ìyàwó tó ń bọ̀ lọ́nà, tí ẹ ń tẹ clobetasol sínú abọ́ kó lè tètè "mọ́", iṣẹ́ ọwọ́ yín ń kọjá lọ́dọ̀ mi: ojú tó bú irorẹ́, irùngbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin, ìlà tó fà ya ní itan tí kò ní lọ mọ́ títí ayé, awọ tó fẹ́lẹ́ dé ibi pé okùn iṣẹ́ abẹ ń ya á bíi bébà.

Ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru ni ti ọmọ oṣù 5 kan. Dáípà bó o nídìí. Aládùúgbò tó nífẹ̀ẹ́ wọn fún ìyá rẹ̀ ní tíúbù, ìdí ọmọ sì tutù lọ́jọ́ kejì. Inú ìyá dùn, ó ń fi pa á nígbàkígbà tó bá ti pààrọ̀ dáípà, fún oṣù méjì ó lé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ewé ṣe ń mú ooru mọ́ mọ́ínmọ́ín lára ni dáípà ṣe ń mú oògùn yẹn wọra. Ọmọ náà sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú róbótó bí òṣùpá, àwọn ará ọjà ń gbé e mọ́ra, wọ́n ń ní, "Ẹ wo ọmọ tó jẹun yó." Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n rí i pé kò ga sí i.

Ẹ̀yà ara kékeré méjì ló wà lórí kíndìnrín wa tó ń ṣe steroid tiwa, èyí tí ara fi ń dúró bí àìsàn bá kọlù ú. Nígbà tí ti òde ń ya wọlé lójoojúmọ́, ti ọmọ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tíúbù tán, ìyá ò tètè ra òmíràn. Ibà kékeré kan mú ọmọ, irú èyí tí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ọjọ́ méjì gbé sọnù. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa bí aṣọ tí wọ́n fún lómi. Àwọn dókítà ọmọdé ló mọ ohun tí wọ́n ń wò, wọ́n pè mí, wọ́n fún un ní ohun tí ara rẹ̀ ò lè ṣe mọ́, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ oṣù dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó yè é. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, kò sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Dókítà, mo máa ń kọrin fún un bí mo bá ń fi pa á."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti fi oṣù tàbí ọdún fi irú ìpara yìí pa gbogbo ara, tàbí pa ìdí ọmọ, ẹ má kà á tán níbí kí ẹ lọ jù ú sí ààtàn lónìí. Dídáwọ́ dúró lójijì léwu fún irú yín. Ẹ wá ọ̀dọ̀ dókítà ká bá yín dín in kù. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, títí kan èyí tí ẹ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọkọ yín má baà rí i. Mi ò ní bú yín.