Ohun tí Sọ́fítíwíà Ìtúpalẹ̀ Dátà Lábù Ń Béèrè Lọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà tí a fi ń túpalẹ̀ èsì iṣẹ́ lábù a máa kọ ọ́ sílẹ̀ irú kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé e: irú Windows tí ó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò), iye RAM rẹ̀ àti àyè tó ṣófo lórí dísìkì. Àmúyẹ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó fẹ́ ra laptop tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní láti kà á kí ó tó sanwó, kí ó sì mọ̀ pé iye méjì ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀: èyí tó kéré jù àti èyí tí wọ́n dámọ̀ràn. Èyí tó kéré jù kò ṣèlérí ju pé sọ́fítíwíà náà yóò ṣí. Bóyá yóò lè gbé dátà tìrẹ, ìwọ̀n dátà náà ni yóò sọ.

RAM ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Òun ni tábìlì tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́. Dísìkì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Nínú R, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, dátà sábà máa ń wọ inú RAM tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tó ní dẹ́símà kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 8 (báìtì ni a fi ń wọn àyè tí dátà gbà). Tí ẹ̀rọ lábù kan bá kọ ìlà mílíọ̀nù 1 sílẹ̀, tí nọ́ńbà 20 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, báìtì mílíọ̀nù 160 nìyẹn. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ní RAM gìgábáìtì 4, ìyẹn nǹkan bíi báìtì bílíọ̀nù 4, ṣùgbọ́n Windows fúnra rẹ̀ ti gba tirẹ̀ nínú rẹ̀, búráúsà tó wà ní ṣíṣí náà ti gba tirẹ̀, R sì lè ṣe ẹ̀dà dátà náà léraléra bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Àwòrán máíkíróskóòpù tún wúwo jù bẹ́ẹ̀: èyí tó ní píksẹ́ẹ̀lì (àmì kékeré tí a fi ń to àwòrán) 2048 ní gígùn àti 2048 ní ìbú, tí píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2, ju báìtì mílíọ̀nù 8 lọ, 500 irú rẹ̀ á tó nǹkan bíi gìgábáìtì 4. Bí RAM bá kún, kọ̀ǹpútà á fi dísìkì rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó lọ́ra ju RAM lọ gan-an, pàápàá dísìkì àtijọ́ tó ń yí, ẹni tó jókòó tì í á sì rò pé ó ti há.

Prósẹ́sọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìṣirò inú R kì í lò ju kọ́ọ̀ kan lọ, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú prósẹ́sọ̀ tó ń dá ṣe ìṣirò, bí a kò bá sọ fún un.

Windows ni kí a fara balẹ̀ wò. R 4.2.0, tí ó jáde ní 2022, kò ṣiṣẹ́ lórí Windows 32-bit, irú ti àtijọ́, mọ́. Microsoft pẹ̀lú ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 tó wà fún gbogbo ènìyàn dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ laptop àtijọ́ kò lè gba Windows 11, èyí tí ó ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Ohun kan tí ìwé àmúyẹ kì í sọ, tí àwa níhìn-ín sì gbọ́dọ̀ rò mọ́ ọn, ni bátìrì: ìtúpalẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, iná ọba kì í sì í dúró dè é.

Kí a tún bi ẹni tó ń tà á bóyá RAM rẹ̀ ṣeé fi kún, nítorí lára àwọn laptop pẹlẹbẹ kan, wọ́n ti sọ́dà RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, iye tó bá bá a dé ni a óò máa lò títí.